Ìpèpadà Ọkọ̀ Àjàgbé Nítorí Sítíárì: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Ti Yín Wà Níbẹ̀, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe

Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tírélà bá rí i pé àṣìṣe wà lára sítíárì ọkọ̀ tí òun ti tà, òfin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kò gbà á láyè kó dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn là ń pè ní ìpèpadà. Àmọ́ lẹ́tà yẹn kì í dé Tafa, kì í sì í dé Zuba. Àdírẹ́sì ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní Rotterdam tàbí ní Texas ló wà lọ́wọ́ wọn, onítọ̀hún sì ti tà á kó tó di pé wọ́n gbé e gba orí òkun wá sí Èkó. Tòkúnbọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Obajana wá sí Dei-Dei lè ní àléébù tí wọ́n ti kéde láti ọdún mẹ́wàá, kí ọlọ́kọ̀ má gbọ́, kí dírẹ́bà má gbọ́, kí mẹkáníìkì náà má sì gbọ́.

Ìpèpadà so mọ́ nọ́ńbà ṣásí, kò so mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè wò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè rí ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹkáníìkì tiwọn, èyí tó sọ bóòtù tó ní àléébù àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ìwé yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù fún wa níhìn-ín, torí pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ lè má ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú ìwé náà kò lówó.

Àléébù yàtọ̀ sí jíjẹ

Kì í ṣe gbogbo sítíárì tó ń ṣe wàhálà ni wọ́n ń pe ọkọ̀ padà fún. Bí kòtò ojú ọ̀nà Mokwa bá ti jẹ tai-ródù yín (irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀) láti ọdún mẹ́rin, owó yín ni ẹ máa fi rà á. Ìpèpadà wà fún ohun tó ti bàjẹ́ láti ilé-iṣẹ́: bóòtù tí wọn kò fún tó, irin tí wọn kò dà dáadáa, nọ́ọ̀tì tí wọ́n gbàgbé láti fi split pin dè, họ́ọ̀sì tó ń ha irin mìíràn torí pé wọ́n gbé e gba ibi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, nítorí orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ máa bá pàdé nínú ìwé ìpèpadà. Lábẹ́ sítíárì tí dírẹ́bà ń dì mú ni irin gígùn kan wà tó ń sọ̀kalẹ̀, tí kúrọ́ọ̀sì kan tàbí méjì wà lára rẹ̀ kó lè tẹ̀ gba igun. Ìsàlẹ̀ irin yìí wọ inú jíábọ́ọ̀sì sítíárì, bóòtù kan ló sì fún un mọ́ ibẹ̀. Jíábọ́ọ̀sì yìí ni epo tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì ń ràn lọ́wọ́. Apá irin kúkúrú kan, Pitman arm, jáde lára rẹ̀, ó ń ti irin gígùn tí wọ́n ń pè ní drag link síwájú sẹ́yìn, drag link ń yí táyà kan, tai-ródù sì ń fa táyà kejì tẹ̀lé e. Orí kingpin, irin roboto tó dúró lóòró, ni táyà kọ̀ọ̀kan ti ń yí. Nínú gbogbo ẹ̀ka yìí, kò sí èyí tó ní arọ́pò. Bíréèkì lè ṣẹ́ ní táyà kan kí ti àwọn yòókù ṣì mú, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá já láàárín ọwọ́ dírẹ́bà àti táyà iwájú, ọkọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe ohun tí wọn kì í sábà ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2016. Volvo Trucks pe àwọn ọkọ̀ VNL, VNX àti VNM ti ọdún 2016 àti 2017 padà nítorí irin sítíárì: bóòtù tó so ó pọ̀ lè má fún tó láti ilé-iṣẹ́, irin náà sì lè já sọ́tọ̀ láìfi àmì kankan hàn ṣáájú. FMCSA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀, kéde pé kí àwọn ọkọ̀ náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000, dúró lójú ẹsẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà títí wọn yóò fi yẹ̀ wọ́n wò. Ìrú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wọ Nàìjíríà ní tòkúnbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan lónìí ní láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe yẹn sí i.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ṣásí fúnra yín

Ẹ má gba èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́ kí ẹ tó rí èyí tó wà lára irin. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, ara ṣásí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ní apá ọ̀tún níwájú, nítòsí táyà. Lára ti Amẹ́ríkà, ẹ wo pélébé tó wà lára ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà, kí ẹ wá wo ara ṣásí pẹ̀lú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ wá fi ẹ̀fun pa á lórí kí nọ́ńbà náà lè yọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀. Kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà ohun tó bá rí roboto jẹ́ òdo, èyí tó bá dúró gbọọrọ jẹ́ 1. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nídìí wíwá ìpèpadà nìyí: ẹni tó ń kọ ọ́ sórí fóònù fi O rọ́pò 0, ìkànnì wá sọ pé kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá, òun ló sì máa sọ ibi tí ẹ máa wá ìpèpadà sí. XLR jẹ́ DAF láti Netherlands, WMA jẹ́ MAN, WDB jẹ́ Mercedes-Benz, YV2 jẹ́ Volvo ti Sweden. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà: 1M1 àti 1M2 jẹ́ Mack, 4V4 jẹ́ Volvo tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún. LZZ jẹ́ Sinotruk láti Ṣáínà.

Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú àwọn 17 náà ni ọdún: A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé F tó jẹ́ 2015, G tó jẹ́ 2016, H tó jẹ́ 2017, J tó jẹ́ 2018. Ìkẹsàn-án gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà X nìkan. Bí ẹ bá bá lẹ́tà mìíràn níbẹ̀, ẹ tún un kà. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ náà. Ẹ má lo ìlànà ọdún yìí fún ọkọ̀ Yúróòpù, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í fi ọdún síbẹ̀.

Bí nọ́ńbà ara irin bá yàtọ̀ sí ti pélébé tàbí ti ìwé, tàbí tí ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bá ní ojú ìjóná àti ojú ìpa, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tà á. Kò sí ìpèpadà tẹ́ ẹ lè rí lórí nọ́ńbà èké, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì tún lè tẹ̀lé e.

Ibi tí ẹ máa wò

Fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ lọ sí nhtsa.gov/recalls, ìkànnì àjọ ààbò ọkọ̀ wọn, kí ẹ tẹ nọ́ńbà 17 náà síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lára àwọn tí ìkànnì náà ń wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ tírélà ló wà níbẹ̀, tí ìpèpadà kan sì wà tí wọn kò tíì ṣe àtúnṣe rẹ̀, yóò jáde pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti lẹ́tà, bíi 16V: V dúró fún ọkọ̀, E fún ẹ̀yà ara tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, T fún táyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ìgbà tí ìkànnì bá sọ pé kò sí ìpèpadà kankan. Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé kò sí i lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ó wà rí, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ó sì tún lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ ju ọdún 15 lọ, torí wíwá nípa nọ́ńbà ṣásí kì í lọ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mélòó ló kéré sí ọdún 15 nínú àwọn Mack tó ń lọ lójú ọ̀nà Kàdúná? Nítorí náà, lórí ìkànnì kan náà, ẹ tún wá a nípa ọdún, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti irú ọkọ̀. Gbogbo ìpèpadà tó ti wà fún irú ọkọ̀ yẹn yóò jáde, títí dé ti àtijọ́, ẹ ó wá máa wo èyí tó kan sítíárì.

Fún ọkọ̀ Yúróòpù, ibi tí ẹ máa wò ju ẹyọ kan lọ. Ìkànnì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gov.uk, ní ojú ewé tí wọ́n ti ń wo ìpèpadà nípa orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. KBA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ní Jámánì, ní àkójọ tiwọn. Safety Gate ti Àjọ Yúróòpù máa ń gbé àkójọ tuntun jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ yan ẹ̀ka ọkọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn wọ̀nyí kì í fi nọ́ńbà ṣásí yín wá a, ìgbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ, nítorí náà ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ yín lè wà nínú rẹ̀. Kí ó tó di pé ó dájú, ẹ fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, yálà ní Nàìjíríà tàbí lókè òkun, kí ẹ bi í léèrè ìpèpadà tí wọn kò tíì ṣe lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn ní i. Ti Ṣáínà náà, ọ̀dọ̀ aṣojú ni ọ̀nà tó yá jù.

Ohun tí ẹ máa kà nínú ìwé náà

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà ìpèpadà lórí ìkànnì NHTSA, ẹ ṣí àwọn ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yí tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Part 573 Safety Recall Report ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ fún ìjọba. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 tó bá ti mọ̀ pé àléébù wà ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Nínú rẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ọkọ̀ tó kàn àti ọjọ́ tí wọ́n parí, ẹ wá ohun tó fa àléébù, kí ẹ sì wá apá tó sọ àmì tí dírẹ́bà lè rí ṣáájú. Bí wọ́n bá kọ “None” sí apá yẹn, ó túmọ̀ sí pé kò ní dún, kò ní gbọ̀n, yóò kàn já ni. Irú èyí, ẹ má fi ọkọ̀ náà gbé ẹrù kankan mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe, kódà kí ẹrù ti wà lórí rẹ̀.

Ìwé kejì tí ẹ nílò ni ìlànà àtúnṣe, tí wọ́n máa ń pè ní Remedy Instructions. Nọ́ńbà ẹ̀yà ara tuntun wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, agbára tí wọ́n ní kí ẹ fi fún bóòtù náà sì wà níbẹ̀ ní Nm (Newton-metre, ìwọ̀n agbára yíyí). Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́, bí ẹ bá fi àwòrán yẹn hàn án ní Apo tàbí ní Panteka, yóò mọ ibi tí ọwọ́ máa dé.

Ta ni yóò tún un ṣe

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ aṣojú ní Nàìjíríà ni ẹ ti ra ọkọ̀ náà ní tuntun, ẹ̀tọ́ yín ni. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò ní ṣe é léṣe. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fi tẹlifóònù nìkan ṣe é. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣásí, nọ́ńbà ìpèpadà, iye kìlómítà tó wà lórí ọkọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún wọn láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Bí wọ́n bá ń sọ wá lónìí wá lọ́la, ẹ kó ẹ̀dà náà lọ fún FCCPC ní Àbújá tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí ìkànnì wọn.

Tòkúnbọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní agbára ní Nàìjíríà, ó sì tún parí lẹ́yìn ọdún 15 tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, ẹ bi aṣojú léèrè: ṣé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣe ìpèpadà yìí lórí nọ́ńbà ṣásí yìí? Àwọn kan máa ń fún yín ní ẹ̀yà ara náà, kí ẹ san owó iṣẹ́ nìkan. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi owó yín rà á pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yín tẹ̀lé ìlànà náà láìyẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́wọ́ wa. Bóòtù ni àkọ́kọ́. Bí ìwé bá ní kí ẹ lo tuntun, ẹ má dá ti àtijọ́ padà, pàápàá èyí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń dè ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan, kò ní mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ wo orí bóòtù tẹ́ ẹ rà: 8.8, 10.9 tàbí 12.9 ni wọ́n máa ń kọ sí i, ti Amẹ́ríkà tó le sì máa ń ní ìlà mẹ́fà. Èyí tí orí rẹ̀ dán láìsí àmì jẹ́ ti ẹnu géètì, kì í ṣe ti sítíárì.

Ìkejì ni bí irin ṣe wọlé. Níbi tí irin sítíárì ti wọ jíábọ́ọ̀sì, wọ́n gbẹ́ ìlà kan sára irin náà, bóòtù sì gbọ́dọ̀ gba inú ìlà yẹn kọjá. Bí irin kò bá wọlé tó, bóòtù kò ní ráyè. Ẹni tó ń kánjú á fi fáìlì fá ara bóòtù tàbí kó fi òòlù gbá a wọlé. Lójú, ó ti mú. Ṣùgbọ́n orí eyín kúkúrú ló dúró lé, ọjọ́ tí táyà bá jó sínú kòtò ńlá ni yóò yọ. Ẹ tú u, ẹ ti irin náà wọlé dé òpin, kí ẹ fi ọwọ́ lásán ti bóòtù náà bọ ihò. Bó bá ti wọlé láìfi agbára ṣe, ẹ ti rí ibi tó yẹ.

Ìkẹta ni fífún. Wọ́n á ki páìpù gígùn bọ sípánà, wọ́n á fi gbogbo ara wọn lé e. Bóòtù tí wọ́n fún jù ti nà, nínà yẹn sì ti gba agbára rẹ̀. Ẹ wá torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fún bóòtù, kódà kí ẹ yá a. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Láràárọ̀, iná tọ́ọ̀ṣì kan péré ni dírẹ́bà máa fi wò ó: bí ìlà náà bá ti pín sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí.

Yíyẹ sítíárì wò, bóyá ìpèpadà wà tàbí kò sí

Àyẹ̀wò yìí gba ènìyàn méjì, dírẹ́bà àti karen mota rẹ̀, ìyẹn ọmọ ọkọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú dúró gbọọrọ, kí ẹ fi igi dí àwọn táyà ẹ̀yìn.

Ẹ ṣíná ẹ́ńjìnnì. Ẹ lẹ sẹlótéèpù díẹ̀ mọ́ etí sítíárì, kí ẹ sì di rúlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò ti ní mì. Ẹ rọra yí i sósì títí ẹni tó wà nílẹ̀ yóò fi sọ pé táyà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ sàmì sí i. Ẹ yí i sọ́tùn-ún bákan náà. Àárín àmì méjèèjì ni àyè òfo. Fún sítíárì tó ń lo epo, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, òfin Amẹ́ríkà kò gba kó ju milimítà 133 lọ. Fún íǹṣì 18, milimítà 121. Fún íǹṣì 22, milimítà 146. Ìyẹn ni òpin tí òfin gbà, ẹ má sọ ọ́ di ibi tí ẹ máa dúró dè. Wọ́n ń kọ́ àwọn dírẹ́bà wọn pé bó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 5 lórí sítíárì íǹṣì 20, wàhálà ti ń bọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 5 yìí ni ká fi ṣe òdiwọ̀n.

Bí àyè òfo bá pọ̀, ẹ wá ibi tó ń gbé. Ẹnì kan á máa mi sítíárì sósì sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, ẹnì kejì á wà lábẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kúrọ́ọ̀sì òkè, ẹ máa bọ̀ nílẹ̀. Ibi tí apá kan bá ti ń yí kí apá kejì tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni. Ẹ tẹ́ ìka lé orí jọ́ìǹtì, ẹ má ki í bọ àárín, nítorí agbára epo lè gé e. Ẹ má gbàgbé bóòtù tó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ ṣásí. Ìpẹtà tó rí bíi ìyẹ̀fun pupa lẹ́bàá bóòtù fi hàn pé irin méjì ti ń ha ara wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ sì gbé e lé orí ìdúró onírin. Jáàkì nìkan kò tó láti wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá irin sábẹ́ táyà, ẹ gbé e sókè sódò. Bó bá mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún gbé e. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́rìǹ táyà ló tú. Bó bá ṣì ń mì, kingpin ni. Àyẹ̀wò kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ríra kingpin tí wọn kò nílò. Ẹ wá di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, ẹ mì í: tai-ródù ni ẹ ń yẹ̀ wò níbí.

Rọ́bà tó bo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ní ìtumọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Àríwá. Nígbà ọyẹ́, bó bá ya, eruku á wọlé, á bá gíríìsì pò, á sì máa lọ bọ́ọ̀lù náà bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ya kó tó di pé jọ́ìǹtì jẹ.

Epo náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ló bá a pò. Irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ má sì yí sítíárì dé òpin kí ẹ dì í mú síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, nítorí epo máa gbóná, pọ́ọ̀ǹpù á sì jìyà.

Bí sítíárì bá le lápá méjèèjì, ẹ wo epo, bẹ́líìtì àti pọ́ọ̀ǹpù. Bó bá le lápá kan péré, inú jíábọ́ọ̀sì ni ẹ máa wò. Bí kò bá padà sí àárín lẹ́yìn kọ́nà, kingpin ti gbẹ tàbí jọ́ìǹtì kan ti di. Bó bá dún kọ̀ nígbà tí ẹ ń yí i, bóòtù kan lè ti tú, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Bó bá sì ṣe pé lẹ́yìn kòtò kan ni sítíárì wọ́, tí ọkọ̀ ṣì ń lọ tààrà, irin kan ti tẹ̀. Irin sítíárì tó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó o pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iná nà án: iná yẹn ń pa líle tí wọ́n fi sínú irin náà nílé-iṣẹ́, ibi tí wọ́n jó ló sì máa ṣẹ́.

Ẹ̀yà ara àlòkù àti ọkọ̀ tí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀

Jíábọ́ọ̀sì sítíárì tí ẹ bá rà ní Zuba tàbí ní Kofar Ruwa lè jẹ́ èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà. Nọ́ńbà ṣásí yín kò lè sọ èyí. Pélébé kékeré kan wà lára jíábọ́ọ̀sì, bóyá ti ZF, TRW tàbí Sheppard: nọ́ńbà ẹ̀yà ara àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà náà pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lórí ìkànnì NHTSA, níbi ẹ̀yà ara. Bí wọ́n bá ti yọ pélébé náà, ẹ má rà á.

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Síbẹ̀ ọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé, tí wọ́n á gbé sítíárì rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì. Ìpèpadà lè sọ pé ọkọ̀ náà dára, nígbà tó jẹ́ pé sítíárì tó wà lára rẹ̀ báyìí kì í ṣe èyí tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ẹ wo apá ọ̀tún ṣásí níwájú: ihò bóòtù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ṣófo níbi tí jíábọ́ọ̀sì ì bá wà, ojú ìjóná níbi tuntun, wáípà tó ń nu apá ọ̀tún dáadáa ju òsì lọ. Ìmọ̀ràn wa kò yí padà lórí èyí: ẹ má rà á fún ẹrù wúwo. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ṣásí yẹ ibi tí wọ́n de jíábọ́ọ̀sì mọ́ wò kó tó tún gbé ẹrù gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Nyanya.

Ìwé tí ẹ máa tọ́jú

Fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní fáìlì kan. Fọ́tò nọ́ńbà ṣásí ni kó ṣáájú, kí èsì wíwá ìpèpadà tẹ̀lé e pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wá a, lẹ́yìn náà ìwé ìpèpadà, rìsíìtì ẹ̀yà ara pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ mẹkáníìkì, iye Nm tó fi fún bóòtù, àti fọ́tò ìlà ọ̀dà náà. Ẹ tún wíwá náà ṣe lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí wọ́n lè pe ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà padà lọ́la. Ìwé roadworthiness kò lè dúró fún èyí. VIO kì í wá ìpèpadà fún yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹ fi fáìlì náà lé ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Bí ìpèpadà kan bá sì wà tí ẹ kò tíì ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé títà, kí ẹ sọ bóòtù tàbí irin tó kàn ní pàtó, kí ó má bàa gbé e kúrò ní gáréèjì láìmọ̀.